Ràfátù Ló Yan Ańpílífáyà Yẹn

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó tí mo wà yìí. Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú àmójútó Bàbá. Gbogbo ará ilé wa ní Ìkirè, àti àbúrò mi Ràfátù tó ń ṣe tíṣà ní Àpòmù, mo kí yín, ẹ kú àárò mi.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà yìí. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn, ẹ ní wọ́n kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ràfátù sì gbéra, ó padà sí Àpòmù láì jẹun. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti tàbùkù rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni màá ti bẹ̀ ẹ́.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ṣì wà. Ẹnu ààrò gbóná bí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí mo bá jáde báyìí, yìnyín ti bo ilẹ̀. Sọ́ńdè ló burú jù, n kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni àfi ti rédíò mi. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ etí yín dùn mí tó bẹ́ẹ̀, Bàbá, nígbà tí Ràfátù kọ̀wé pé ẹ̀ ń gbé etí lé rédíò kí ẹ tó gbọ́ táfúsírì, ẹ sì ń mi orí bíi pé ẹ gbọ́.

Ìdí rèé tí mo fi ra sípíkà gíga méjì yẹn lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó ń kó kúrò ládùúgbò mi. Wọ́n ga dé àyà mi. Mo dì wọ́n sínú mọ́tò tí ará ìlú wa kan fi ránṣẹ́ sí Èkó, inú mi sì dùn bíi pé èmi fúnra mi ni mò ń bọ̀ wálé. Ohun tí n kò rò ni pé sípíkà kò lè dá sọ̀rọ̀, ańpílífáyà ló ń fún un lágbára. N kò fi ọ̀kankan sí i.

Ràfátù wá so wọ́n mọ́ ańpílífáyà kékeré tó wà nídìí rẹ́kọ́dù yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ̀wé pé ẹ̀ ń ní kó fi kún un, kó tún fi kún un, títí bọ́tìnnì kò fi níbi tó lè yí sí mọ́. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kò pẹ́, sípíkà kékeré òkè, èyí tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, jó ní apá kan. Èmi rò pé ẹ kàn ń bo ọmọbìnrin yín ni. Mo kọ̀wé pé ó fi ìwàǹwára ba nǹkan tí mo làágùn rà jẹ́, pé kó gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, kó yéé fọwọ́ kan nǹkan oníná. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń tún un kọ yìí.

Oṣù mẹ́rin ni kò fi kọ̀wé sí mi. Nígbà yẹn, mo rí ańpílífáyà kan ní ṣọ́ọ̀bù. Iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń jó lójú rẹ̀, wọ́n sì kọ ẹgbẹ̀rún wáàtì síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Mo ní kí ọlọ́jà bá mi tọ́jú rẹ̀ di Sátidé. Àlàmísì ni lẹ́tà Ràfátù dé.

Kò bú mi. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ohun tí mo kọ. Ó ní òun di sípíkà kékeré tó jó sínú ọ̀rá, òun gbé e tọ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe nítòsí gáréèjì Ìkirè lọ, òun jókòó tì í, òun sì ń bi í ní ìbéèrè. Ọkùnrin náà ní kì í ṣe agbára tó pọ̀ jù ló jó o. Ó ní ańpílífáyà kékeré tí èèyàn bá yí dé òpin, ohùn yíya tó ń gbé jáde ló ń sun wáyà inú sípíkà. Èyí tó lágbára tó, tí wọn kò yí kọjá ìdajì, ló máa ń tọ́jú sípíkà. Ràfátù wá da ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà gíga náà kọ fún mi: óòmù mẹ́jọ, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà, àti ọgọ́rùn-ún wáàtì. Ó ní kí n má wo ohun tí wọ́n bá kọ síwájú ańpílífáyà, agbára ìṣẹ́jú akàn ni. Kí n yí i padà, kí n wo èyí tó lè máa gbé láìsinmi lórí óòmù mẹ́jọ. Ó ní tó bá ti tó ọgọ́rin wáàtì, ó tó Bàbá.

Ní Sátidé, mo ní kí ọlọ́jà yí ẹlẹ́gbẹ̀rún yẹn padà. Ọgbọ̀n wáàtì péré ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, wẹ́wẹ́wẹ́. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní àbúrò mi obìnrin ni, ní Àpòmù. Ó ní òun kò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun ì bá gbà á síṣẹ́. Ọ̀kan dúdú tó wà nísàlẹ̀ ni mo gbé. Kò lẹ́wà, bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló ní, ó sì wúwo bí òkúta. Ọgọ́rin wáàtì.

Ó ti wà lójú omi báyìí, pẹ̀lú sípíkà kékeré tuntun tí wọn yóò fi rọ́pò èyí tó jó. Tó bá dé, kí ẹnikẹ́ni má tú u títí Ràfátù yóò fi dé.

Ràfátù, àbúrò mi, ẹ̀bi mi ni. Ìwọ lo rí bí etí Bàbá ṣe rí, ìwọ náà lo wá ọ̀nà. Èmi kàn ra ohun tó ga ni, mo sì ń pariwo. Jọ̀wọ́, fi ohùn rẹ sínú kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Bí o bá ṣì ń bínú, bú mi níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, Bàbá, Ìyá. Yóò fi àlàáfíà so wá pọ̀, kò ní í jẹ́ kí á fi ojú sunkún ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tó wà lóko lápá Ìkòyí.

Èmi ni ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Músílíù.