Gbòǹgbò Òro Tí Mo Fọ̀

Ìlọ́fà, Ọjọ́rú, oṣù Kẹfà, 1978

Ìwé mi, má bínú, ìkọ̀wé mi ò tíì gún, ó sì ń falẹ̀.

Igi òro kékeré tí ìyá ọkọ mi hú nígbó fún mi kí n gbìn, kó jẹ́ àmì pé mo ti fìdí múlẹ̀ nílé ọkọ, ti rọ. Mo rí olú bí òwú lára gbòǹgbò rẹ̀, mo rò pé ó ti bu, mo bá fọ̀ ọ́ tónítóní. Bó bá kú, ṣé wọn ò ní sọ pé mi ò fẹ́ dúró nílé yìí?

Ìyá rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó afínjú! Àwọn olú tó ń bọ́ igi yìí lo fọ̀ dànù. Irú wọn funfun ń bẹ, pupa ń bẹ, dúdú ń bẹ nínú igbó.”

A jọ bu erùpẹ̀ igbó sí ìdí rẹ̀, kí olú náà lè padà. Ó ń wù mí kí n pè wọ́n ní ìyá mi, ojú ló ń tì mí.

Ìyá ọkọ mi ti ń ké láti ilé ìdáná, “Ìyàwó, ọbẹ̀ ń jó o!” Ìyá mi, mo ń bọ̀—