Ẹjọ́ Tíì Tó Bó Mi Nítan

Èmi, Hasanat Ìbíkẹ́ Sàláwù, ọmọ Efire, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní Ago-Ìwòye, ni mo ń kọ ìhágún yìí. Ní àràárọ̀, mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá da omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sórí báńdéèjì itan mi ọ̀tún títí yóò fi rọ̀, màá wá ṣí i láti igun kan, díẹ̀díẹ̀, kí awọ má bàa bá a lọ. Mercy, tí a jọ ń gbé yàrá, máa ń ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Mo máa ń kọ̀. Ẹni tó lè ṣe èyí láìké, orí rẹ̀ pé. Lọ́túnla, dókítà yóò gé awọ níbòmíràn lára mi láti fi bo egbò náà. N kò mọ bí n ó ti bọ̀.

1. Mo yan àbúrò bàbá mi, Bàbá Síkírù apẹja, láti mú ìhágún yìí ṣẹ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún níwájú àwọn ará ibí. Wọn ò mọ̀ wá.

2. Ewúrẹ́ mi di ti ìyá mi. Kí ẹnikẹ́ni má pa á ṣe fìdáù mi.

3. Ẹjọ́ mi pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Adùn Òwúrọ̀, tó ń ta tíì ní Ojowo, kò gbọdọ̀ bá mi kú. Àwọn ló pàṣẹ pé kí tíì máa hó títí yóò fi dénú ife, kí ó má bàa tutù kí oníbàárà tó dé Ago. Ìdérí ife wọn kò sì dé dáadáa. Nígbà tí èmi àti Mercy fẹ́ gun ọ̀kadà, olùtajà wọn ní, “Àǹtí mi, ẹ fi ife há itan, kí ọwọ́ yín lè ráyè di ọlọ́kadà mú. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kòtò kan ló ṣí ìdérí náà. Wọ́n wá ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ẹ̀kán tíì díẹ̀ ló ta sí Mercy lọ́rùn ọwọ́. Òun ni ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀bùn wá fún, òun ni wọ́n yà ní fọ́tò, nítorí ó mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò béèrè orúkọ mi.

4. Ẹ̀rọ ìṣírò mi di ti Jedidiah, ọmọ kíláàsì wa. Ó mú ọsàn wá kí wa. Ó fi bíléèdì bó ti Mercy, èèpo rẹ̀ kò já. Ó gbé tèmi lé tábìlì láìbó. Síbẹ̀, kí ó gbà á. Kí ó máa fìka tẹ ibi tí mo ti tẹ̀.

5. Digí mi di ti Mercy. Òun náà ló kúkú ń lò ó.

6. Bí mo bá kú, kí Mercy sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́. Yàtọ̀ sí èmi, òun nìkan ló gbọ́ ohun tí olùtajà náà wí. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí Mercy bá lanu, àwọn ènìyàn á dákẹ́ gbọ́, bí èmi bá lanu, wọ́n á ní, “Kí lo wí?” Ohun tí ẹjọ́ náà bá mú wá, ti ìyá mi ni.

7. Lọ́la, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà ń bọ̀ wá bá Mercy, kí ó fọwọ́ sí i pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mercy kò sọ fún mi ohun tó fẹ́ ṣe. Èmi náà kò bi í. Mi ò fẹ́ tún gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́la, kí agbẹjọ́rò náà tó kanlẹ̀kùn, màá jókòó ti Mercy, màá sì bẹ̀ ẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Ago-Ìwòye, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.
Hasanat Ì. Sàláwù

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí n kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún:
Qowiyyu Akínọlá
Ṣùkúrát Adétòkunbọ̀