Ọsàn Tí Mo Bó fún Ọ̀gá Wú

Bàbá mi tí mi ò lè pè kẹ́ ẹ dáhùn,

Inú ń bí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Bùsáyọ̀ ọmọ Àǹtí Owódé ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa, tí ìyá rẹ̀ ò rí ìrẹsì kó wọlé mọ́. Orí ẹní mi ló ń sùn. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni Ọ̀gá Wú, ọ̀gá yín ará Ṣáínà níbi iṣẹ́ táìlì tí ẹ ti ṣe fóòmánù. Lẹ́yìn ikú yín, wọ́n ṣì ń wá kí wa ní gbogbo Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n Bùsáyọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní èdè wọn tí ẹ̀yin náà máa ń bá wọn sọ nílé. Èmi ọmọ yín ńkọ́?

Sọ́ńdè tó kọjá, ó fi èdè náà kí wọn níwájú gbogbo ilé. Ó sọ ọ́ gbòdì. Ọ̀gá Wú mọ̀, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni. Mi ò lè pa á mọ́ra.

"Irọ́ ni! Bàbá mi ò sọ ọ́ báyìí rí. Ta ló kọ́ ẹ ní jákujàku yìí?"

Bùsáyọ̀ wolẹ̀. Ojú Ọ̀gá Wú pupa fòò. Àbí àwọn kọ́ ló kọ́ ọ? Wọn ò mu omi wọn tán tí wọ́n fi lọ.

Màmá gbá mi létí. "O dójú ti àlejò mi. Lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n!"

Ní Mọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ ní géètì iléeṣẹ́ yín, lójú gbogbo àwọn tó ń jẹun ọ̀sán. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ foríjì mí!" Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ fóòmánù, kí lo jí?" Ọ̀gá Wú ń sọ ṣáá pé, "Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan," wọ́n sáré wọlé. Mo tún ti dójú tì wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ní tiwa, ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn sójú ayé. Ní tiwọn, tí o bá bẹ èèyàn lójú ayé, ṣe lo tún gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi rí. Kí ló dé tí mi ò fetí sílẹ̀?

Ojú ọ̀nà ni mo ti rántí ọsàn yín. Tí ẹ̀yin àti Ọ̀gá Wú bá jà, ẹ kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹ ó bó ọsàn, èèpo á lọ gbọọrọ láìjá, ẹ ó gbé e síwájú wọn, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ òjò. Ìjà parí nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Tí wọn ò bá wá mọ́, ta ni yóò máa sọ èdè yẹn nílé wa?

Wọ́n wá lónìí. Mo ti bó ọsàn mẹ́rin. Èèpo tèmi ń já ṣáá. Mo gbé e síwájú wọn.

"Òjò ò rọ̀ mọ́ sà."

Wọ́n wo ọsàn náà títí. "Òjò máa rọ̀."

Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n na ọ̀kan sí Bùsáyọ̀. Bùsáyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún, Bàbá! Ọkàn mi gbóná. Àbí wọ́n ń fi hàn mí pé mo ṣẹ òun náà ni?

Nígbà tí wọ́n lọ, Bùsáyọ̀ bá mi ní kíṣìnnì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ yín nírú ẹ̀?"

"Èmi ni mo rò ó."

Mo purọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Mo fún un ní ọsàn tó kù. Ẹ̀yin ni mi ò fún un.

Èmi ni,
ọmọ yín tí èèpo ọsàn rẹ̀ ṣì ń já.