Ohùn Ràhámátù Nínú Fóònù

Ẹ̀gbọ́n mi Mùízù,

Mo kí yín ní Libreville, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà ní Kambolé. Oògùn orúnkún tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá wa bá a lára mu. Iṣu ta, àgbàdo ni kò ṣe dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Ràhámátù ọmọ mi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ní kó fi informatique, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó ń kọ́, sílẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi náà rò pé etí títì Sokodé ni yóò jókòó sí, táá máa tẹ lẹ́tà fún èèyàn.

Nígbà ìsinmi yìí, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Sokodé gbà á síṣẹ́. Ó ṣètò kan: bí àgbẹ̀ bá pe nọ́mbà kan, á gbọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù máa dé Goubi tàbí Bago, ní Yorùbá tàbí ní èdè Tem. Iṣu kì í sun ojú títì mọ́. Wọ́n ní àwọn ń dúró dè é tó bá gbàwé ẹ̀rí.

Ohùn ara rẹ̀ ni Ràhámátù gbà sínú ètò náà, ó sì ní kí fóònù kọ́kọ́ kí èèyàn. Bàbá Bìlálì aládùúgbò wa máa ń dá a lóhùn, á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ á ti kọjá. Á tún pè. Ó ní òun ò lè gbọ́ ìkíni kóun dákẹ́.

Kí Ọlọ́run mú yín wálé ká jọ jẹ iṣu tuntun. Nọ́mbà náà wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ pè é. Tí ọmọ yín bá kí yín tán, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá kó fi informatique sílẹ̀.

Àbúrò yín,
Àbẹ̀bí