Kọfí Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Inúmidùn

Bọ̀dá Ọláìtán,

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin, ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ti ń san.

Inú ń bí mi sí yín gan-an. Nínú ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì, Inúmidùn ọmọ mi ń fi oorun du àwọn eṣinṣin tó ń bà lé èso, ó sì ń fún wọn ní kọfí. Ó ní kíkú ni wọ́n ń kú. Síbẹ̀ òun náà ń mu kọfí tí ẹ fi ránṣẹ́, kì í sùn. Lánàá, ó dákú sójú títì ní Ndokoti. Mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi í sùn, ó ní, “Tọ́ńtọ́n Ọláìtán ní ọ̀lẹ ló ń sùn.”

Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ṣùgbọ́n ẹ pè é lónìí, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ yẹn, kó lè máa sùn. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Ṣèyítán