Àlàfo Inú Lẹ́tà Souradjou

Tchaourou, ọjọ́ Àlàmísì

Zoulfath, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tàlàáfíà-tàlàáfíà. Mo gbà pé ara rẹ le ní Cotonou níbẹ̀, àti pé o ń jẹun dáadáa. Ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì dúró bí òpó. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí, èmi tí mi ò kọjá kíláàsì CP, ọdún kejì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Affiche, ìwé ìpolówó tí o fi lẹ́tà A, B, D tí mo ń kùn sára pátákó ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ti dé. O ní patron rẹ, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ, sọ pé lẹ́tà náà rí jágajàga, pé ó dà bí ohun tó fọ́, o wá dí gbogbo àlàfo inú wọn kí o tó fún un lọ́jọ́ Àtìní tó ń bọ̀. O ní kí n má bínú. Mi ò bínú, ọmọ mi. Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn kí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ara wágọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú irin ni mo ti kọ́ lẹ́tà. Páálí tí wọ́n gé ihò lẹ́tà sí ni wọ́n fi ń kun ìkọ̀wé sára wọn, ibi tí páálí bá ti so mọ́ra kì í gba ọ̀dà. Èmi ò mọ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe bí O nìyẹn, tòun ti àlàfo lókè àti nísàlẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ kan fi máa sọ fún mi pé àṣìṣe ni, mo ti kọ pátákó tó lé ní igba, láti Sanson dé Alafiarou. Mo ní bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Ta ló kọ tó mi ní gbogbo agbègbè yìí?

Lánàá, mo lẹ affiche rẹ mọ́ ògiri, mo ní kí Tairou onízémidjan, ọlọ́kadà tí kò mọ̀wé rárá, wò ó láti òdì kejì títì. Ó ní: "Ọwọ́ yín nìyí, Tonton. Ṣùgbọ́n ta ló fọ ojú rẹ̀ báyìí? Ó dà bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò carte d'identité." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Mo fi ọ̀dà funfun ya àwọn àlàfo náà padà. Nígbà tó tún kọjá, ó ní: "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti dé."

Nítorí náà, gbé méjèèjì, èyí tí o dí àti èyí tó ní àlàfo, lọ bá patron rẹ. Má fi hàn án lórí tábìlì. Bí o bá kọ lẹ́tà mi wẹ́wẹ́, èèrùn ló máa jọ. Ẹni tó wà lórí mọ́tò tó ń sáré kọjá ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta, gàdàgbà, fún búrẹ́dì, fún àpò kajú, fún eré bọ́ọ̀lù. Má fi kọ orúkọ oògùn láé, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í kà. Ní kí patron dúró lódì kejì títì. Bó bá ṣì ní kí o dí i, dí i, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n má dí i nítorí pé ojú ń tì ọ́ fún mi. Ojú ò tì mí.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Kó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ lókìkí ju tèmi lọ, bó tilẹ̀ máa ṣòro díẹ̀.

Èmi ni Tonton rẹ tó tọ́ ọ dàgbà,
Souradjou, ọ̀gá àwọn akọpátákó.

Àfikún: Orúkọ mi tí o fẹ́ sọ lẹ́tà náà, ó dára. Bí wọ́n bá ní ó gùn jù, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mọ̀ ọ́n pè.