Àgùntàn Ẹ̀gbọ́n Mi àti Kànga Ìyá Ráfíátù

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi kú oríire, ọba wàrà àgùntàn ní gbogbo Kútọnu, ẹni tó tẹ káàdì tí àgùntàn inú rẹ̀ dé fìlà, tó ń pe ara rẹ̀ ní Dírẹ́tọ̀... Ẹ jẹ́ kó gbádùn oyè náà díẹ̀ ná. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ṣèlérí pé màá gbọ́.

Ogójì abo àgùntàn ló ń sìn lẹ́yìn ilé wa ní Abomey-Calavi, ó ń fi wàrà wọn ṣe fromáàjì, ìyẹn wàràkàṣì, fún àwọn ilé oúnjẹ ńlá. Wọ́n ti jẹ koríko ibẹ̀ dé gbòǹgbò, ilẹ̀ ti le bíi sìmẹ́ńtì, òjò kì í wọlẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń gbá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn lọ sí kànga Ìyá Ráfíátù, opó tó múlé tì wá. Omi kànga yẹn ni gbogbo àdúgbò ń mu, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá... Omi náà ti pọ́n, ó ń rùn, ọmọ-ọmọ Ìyá Ráfíátù sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìtọ̀ ẹran tí a lè jẹ kì í ba àlùwàlá jẹ́, Alfa kan ló sọ fún òun. Ṣé Alfa náà mu nínú rẹ̀ ni?

Nígbà tó tún ń sọ pé omi òkun ló wọ kànga, mo dìde ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo sọ òótọ́ lójú gbogbo ayé pé àgùntàn rẹ̀ ló ba omi náà jẹ́. Ìyá Ráfíátù wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, o mọ̀, o sì ń wò mí tí mò ń fa omi yìí?"

Ní báyìí, àwọn ẹbí ní Pobè ní kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, kí n ní irọ́ ni mo pa. Mi ò lọ. Irọ́ wo? Kó kó àgùntàn rẹ̀ kúrò, kó gbẹ́ kànga mìíràn fún obìnrin yẹn, ká tó sọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀!

Ṣùgbọ́n ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ìyókù fún Ìyá Ráfíátù? Omi kíkan tó ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá ṣe fromáàjì tán, èmi tó kàwé ní yunifásítì ni mo ní ajílẹ̀ ni, èmi ni mo gbẹ́ kòtò rẹ̀ sí apá òkè kànga náà, níbi tí omi ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gbìn síbẹ̀ kú... mi ò dẹ́kun. Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe máa wí i? Àràárọ̀ ni mo ń da korobá méjì síbẹ̀. Èmi náà ba omi yẹn jẹ́.